Ìda àti Pólíṣì: Èwo Ló Yẹ Kí A Fi Pa Alùpùpù Wa?

Ọ̀rọ̀ alùpùpù la fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Láàárín àwa tí a ń gbé Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkókómaíkò, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ra máṣíìnì. Àwọn kan fi ń gbé èrò, àwọn kan sì fi ń kó ọjà láti Àlàbá. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n tún fi 4 kún un ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, kò sí Ọ̀jọ́ nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa lọ́gbọ́n: ọjọ́ tí èèyàn yóò ta máṣíìnì rẹ̀ lè dé láìròtẹ́lẹ̀. Ojú sì ni ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ fi ń wò, kó tó tẹ kíìkì. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, tí rímù rẹ̀ ti dípẹtà, owó ẹ̀tẹ́ ni wọn yóò sọ sí i. Bẹ́ẹ̀ gbèsè ẹgbẹ́ kì í tìtorí ìyẹn dín kù.

Ohun mẹ́ta ló ń ba ara máṣíìnì jẹ́ lágbègbè wa. Oòrùn a máa mú ọ̀dà ṣá. Eruku ojú títì a máa ha á bíi sáńdípépà. Ẹ̀kẹta ni iyọ̀: òkun kò jìnnà sí wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń gbé iyọ̀ wá sára irin, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ohun kan náà ni pólíṣì àti ìda. Rárá o. Pólíṣì dà bíi kànìnkànìn, ìda dà bí ìpara. Pólíṣì ní ohun kíkúnná nínú tó ń họ ojú ọ̀dà tó ti kú kúrò, kí èyí tó ń dán lábẹ́ rẹ̀ lè yọ. Ìda kì í họ nǹkan. Ńṣe ló ń bo ojú ọ̀dà, kí omi, iyọ̀ àti eruku má baà rí i gbé mú. Ṣé èèyàn máa ń fi kànìnkànìn ha ara lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni pólíṣì. Ọ̀dà mímọ́ gaara tó wà lókè pátápátá lára máṣíìnì ìgbàlódé kò nípọn tó bébà ìwé. Ẹni tó ń fi pólíṣì fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò họ ọ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó, ìyẹn bí ọ̀dà bá ti ṣá. Máṣíìnì tuntun kò fẹ́ pólíṣì rárá, ìda nìkan ló fẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìda, ẹ ka ara agolo. Èyí tó dára jù fún oòrùn wa ni èyí tó ní carnauba, ìda tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Ìda oyin a máa yọ́ bí ooru bá tó ìwọ̀n 62 sí 65, ṣùgbọ́n carnauba kì í yọ́ títí yóò fi kọjá 80. Bí ẹ bá rí i kà lára agolo pé ó ń họ ọ̀dà, pólíṣì ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ níwájú rẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ gbé máṣíìnì sábẹ́ ibòji kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan eruku kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí àkísà gbígbẹ lórí eruku, fífá ni. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wá fi ìda díẹ̀ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá gbẹ tó funfun, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó mọ́ nù ún. Ẹ wọ́n omi sí i: bí omi bá ń ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, ìda wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àsìkò tó láti tún un pa.

Rímù àti irin dídán ní pólíṣì tiwọn, irú èyí tí a fi ń nu idẹ. Ẹ má fi kan ọ̀dà tàbí ike o. Bí ìpẹtà bá ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, ẹ rẹ bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ sínú omi, ẹ fi ra á. Bó bá kúrò, ẹ pa ìda lé e.

Ohun tí kò yẹ: kẹrosíìnì àti ọ́ìlì tí a ti lò. Lóòótọ́ wọ́n ń dán lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fa eruku mọ́ra, wọ́n sì ń ba rọ́bà jẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun a máa ṣí ìda kúrò. Pólíṣì bàtà ní aró nínú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má jẹ́ kí ìda tàbí pólíṣì kan bíréèkì, ojú táyà, ìjókòó, tàbí ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bíréèkì tó bá ti ní òróró lára kò ní mú nígbà tí ọmọdé bá já lu títì. Èrò a sì máa yọ̀ ṣubú lórí ìjókòó tó ń dán. Dídán tó lè pa èèyàn kì í ṣe dídán.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa tó ń ta nǹkan wọ̀nyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bi oníbàárà pé kí ló fẹ́ fi ṣe kí ẹ tó gbé agolo fún un. Ẹni tó bá ra ohun tó bá a mu yóò padà wá.

Agolo ìda kan kò wọ́n tó ọ̀dà tuntun. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ohun tí owó ẹgbẹ́ rà, kó lè pẹ́ ju gbèsè rẹ̀ lọ. Ire o.