Bọ́ọ̀tù Tó Máa Tọ́jọ́: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀ Kí Owó Wa Tó Wọ Àpò Ọlọ́jà

 

Láti ìgbà tí òjò ti dé ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tù ti gba ẹnu wa kan. Àwọn tó wà nínú Cadet àti Man O' War ń wá èyí tí wọ́n máa fi ṣe ìdánrawò. Àwọn tó ń ti Múṣin wá ń wá èyí tí wọ́n máa fi la ọ̀gbàrá kọjá. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé kó ṣáà ti bá jínsì wọn mu. Ibi tí gbogbo wa ti jọra ni pé tí bọ́ọ̀tù bá ti wúwo, tó dúdú, tó ń dán, tó sì ní eyín ńlá lábẹ́, a máa ní, "Èyí gan-an ni!"

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Bọ̀dá kan tó ń tún bàtà ṣe ládùúgbò wa, tí mo máa ń jókòó tì lọ́jọ́ Sátidé, sọ fún mi pé, "Àbúrò, bàtà kì í ti òkè kú. Ìsàlẹ̀ ló ti ń kú wá." Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn. Òkè bọ́ọ̀tù ló ń fa ojú wa mọ́ra, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti inú rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, àti bó ṣe máa rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn tó.

IRÚ BỌ́Ọ̀TÙ MẸ́RIN TÓ WÀ LỌ́JÀ

Tí ẹ bá lọ sí Yábàá tàbí Ojúwòyè ní Múṣin, irú mẹ́rin lẹ máa rí.

Àkọ́kọ́ ni òkìrìkà, ìyẹn tòkunbọ̀. Bọ́ọ̀tù àwọn tó ń gun òkè àti ti àwọn sójà òkè òkun máa ń wà nínú rẹ̀. Èkejì ni bọ́ọ̀tù àgùnbánirọ̀. Ọdún 1973 ni ìjọba dá NYSC sílẹ̀, bọ́ọ̀tù sì wà lára ohun tí wọ́n ń pín fún àwọn àgùnbánirọ̀ pẹ̀lú kákí wọn. Tí wọ́n bá sìnlú tán, àwọn kan á tà á, àwọn kan á fún àbúrò wọn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn aránbàtà wa fọwọ́ ara wọn rán, ní Múṣin níhìn-ín tàbí ní Aba. Ẹ̀kẹrin ni tuntun inú páálí tí kò wọ́n, tó ń dán bíi dígí.

Kò sí èyí tí a lè ní ó burú pátápátá nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ ká bi òkìrìkà kọ́ ló yẹ ká bi tuntun.

YÍ I DÀ KÍ O WO SÓÒLÙ

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà so sóòlù mọ́ bàtà. Wọ́n lè rán an, wọ́n lè fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lè da rọ́bà gbígbóná sí ìdí awọ nínú ẹ̀rọ kó lè gan mọ́ ọn.

Èyí tí wọ́n rán ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ lò ó pẹ́, nítorí pé tí sóòlù bá jẹ tán, ṣúméékà lè tú u kó sì rán òmíràn sí i. Àrékérekè kan wà níbẹ̀ o. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń ya àwòrán okùn sára rọ́bà kó lè jọ pé wọ́n rán an. Fi èékánná tọ́ ọ. Okùn gidi á gbéra díẹ̀, èyí tí wọ́n yà kò ní mira.

Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, di iwájú àti ẹ̀yìn bàtà mú, kí o tẹ̀ ẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tí a bá ń rìn. Wo etí ibi tí sóòlù ti pàdé awọ. Tí ibẹ̀ bá ya ẹnu, fi í sílẹ̀. Tí o bá rí gọ́ọ̀mù tútù tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àtijọ́, ẹnì kan ti tún un lẹ̀ nìyẹn, kí o ná an bí ohun tí wọ́n ti tún ṣe. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gan mọ́ ọn kì í tètè tú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí sóòlù rẹ̀ bá jẹ tán, agbára káká ni ṣúméékà á fi rí i tún ṣe.

Eyín abẹ́ rẹ̀ náà ní ìtàn. Ará Ítálì kan tó ń gun òkè, Vitale Bramani, ló gbé sóòlù rọ́bà eléyín ńlá jáde ní 1937, lẹ́yìn tí mẹ́fà nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú sórí òkè Alps ní 1935. Bàtà tí wọ́n wọ̀ kò bá òtútù àti yìnyín ibẹ̀ mu. Orúkọ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n já pọ̀ tó di Vibram tí ẹ máa ń rí lábẹ́ bọ́ọ̀tù òkìrìkà. Ẹ rí i pé nítorí òkúta àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe eyín yẹn, kì í ṣe nítorí fọ́rífọ́rí. Tí eyín bá jìnnà síra, ẹrẹ̀ á tètè já bọ́. Tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ẹrẹ̀ á kún àárín wọn, bàtà á sì máa yọ̀. Fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà wò pẹ̀lú. Èyí tó bá le bí igi máa ń yọ̀ lórí táìsì tútù, bó ti wù kí eyín rẹ̀ tóbi tó.

BỌ́Ọ̀TÙ TÓ KÚ SÍNÚ PÁÁLÍ

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà jù.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ra bọ́ọ̀tù òkìrìkà kan. Òkè rẹ̀ dán, eyín rẹ̀ ò jẹ rárá, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, sóòlù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Ìṣó gba ibẹ̀ wọlé, ó gún wọn lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò fi lè ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá sì ṣiṣẹ́ ní sáìtì kò ní gbowó. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ìwé fún mi ló bá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ.

Ẹni tó tà á fún wọn lè má mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ohun kan tó ń jẹ́ polyurethane ṣe àárín sóòlù ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tù. Ó dà bíi fóòmù tó le. Ó fúyẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀yin ará kíláàsì kẹ́mísìrì, ẹ rántí hydrolysis: omi ń já ìdè tó so àwọn mólékù pọ̀, ooru sì ń mú un yára. Ọ̀rinrin àti ooru, ṣé kì í ṣe Èkó wa nìyẹn?

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò dìgbà tí a bá wọ bọ́ọ̀tù náà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó jókòó sínú páálí tàbí sínú síọ́ọ̀bù náà ń bàjẹ́ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ó ti lè di ẹlẹgẹ́. Nítorí náà, "wọn ò wọ̀ ọ́ rí" kì í ṣe ìyìn fún bọ́ọ̀tù tó ti pẹ́.

Ohun mẹ́ta ni kí o ṣe. Wá ọdún tí wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tù sójà òkè òkun ní in lára aṣọ kékeré tí wọ́n rán sínú rẹ̀. Fi èékánná tẹ àárín sóòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́; tó bá ń rún, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tí ojú ibi tí o tẹ̀ kò padà, má rà á. Lẹ́yìn náà, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá dáadáa lójú ọlọ́jà, kí o wò ó bóyá ó sán. Sóòlù tó jẹ́ rọ́bà gidi látòkè délẹ̀ kò ní irú àrùn yìí, àmọ́ ó máa ń wúwo jù.

ṢÉ AWỌ NI ÀBÍ AYÉDÈRÚ?

Àwọn ọlọ́jà kan máa ń ṣáná sí bàtà láti fi hàn pé awọ ni. Ẹ má jẹ́ kí iná yẹn dẹ́rù bà yín. Bí wọ́n bá sún un mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ayédèrú náà lè má jó.

Wo etí ibi tí wọ́n ti gé e, bíi etí ahọ́n bàtà. Awọ gidi máa ń ní fọ́nrán wúruwùru. Ayédèrú á fi aṣọ hàn lábẹ́, pílásítíìkì lókè. Fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀: awọ gidi á hunjọ kéékèèké yí ìka rẹ ká bí ara ènìyàn. Ayédèrú á kàn wọnú ni, á sì tún padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ayédèrú á bẹ̀rẹ̀ sí í bó níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí pólíìṣì tó lè wo ìyẹn sàn.

OMI ÈKÓ KÌ Í ṢE OMI ORÍ ÒKÈ

Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tù àwọn tó ń gun òkè ní ìtẹ́nú kan tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ó dára fún ìrì àti yìnyín. Ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá tiwa máa ń ga ju ọrùn bọ́ọ̀tù lọ. Tí omi bá ti gba òkè wọlé, ohun tí kò jẹ́ kó wọlé náà ni kò ní jẹ́ kó jáde. Bọ́ọ̀tù á di garawa, á sì gbà tó ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó gbẹ.

Àwọn sójà ti fojú rí èyí. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní (1914 sí 1918), ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rà nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ń wà nínú bàtà tútù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà lọ jagun nínú igbó Vietnam, tí òjò rẹ̀ jọ tiwa, bọ́ọ̀tù tí wọ́n wọ̀ yàtọ̀: awọ ni ìsàlẹ̀, aṣọ ni òkè, ihò kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Òun ni wọ́n ń pè ní jungle boot. Nítorí náà, fún ẹni tó ń la omi kọjá lójoojúmọ́, bọ́ọ̀tù tó tètè ń gbẹ sàn ju èyí tó ní òun ò ní jẹ́ kí omi wọlé.

ÌRỌ̀RÙN: ẸSẸ̀ RẸ NI ADÁJỌ́

Bàtà tó rọ̀ kọ́ ni bàtà tó rọrùn. Èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu ni. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ dán an wò, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tí a bá ti rìn káàkiri. Mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí o wọ̀, ẹsẹ̀ kan máa ń tóbi ju èkejì lọ.

Yọ ohun tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, kí o dìde dúró lé e lórí. Ó yẹ kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, kí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ má sì yọ síta. Lẹ́yìn náà, wọ bọ́ọ̀tù, so okùn rẹ̀, kí o sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tí ọmọ ìka bá ń kan iwájú, ó kéré. Tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra sókè gan-an, ó máa bó ọ lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí o wo ibi tí bàtà ti ń tẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ ti ń tẹ̀ gan-an.

Má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà nìkan. Sáìsì 42 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 8 ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n 8 ti ọkùnrin Amẹ́ríkà kéré sí i. Tí ọlọ́jà bá ní "ó máa là tó bá yá", ẹ rántí pé awọ lè fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í gùn. Ìwúwo náà ṣe pàtàkì: ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ máa ń rẹ ènìyàn ju ẹrù kan náà tó wà lẹ́yìn lọ, nítorí pé gbogbo ìṣísẹ̀ lo máa fi gbé e.

TÍ O BÁ TI RÀ Á

Má wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìyíde. Wọ̀ ọ́ nínú ilé fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, títí tí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Tó bá tutù, yọ ìtẹ́nú rẹ̀, ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, kí o gbé e síbi tí atẹ́gùn wà. Má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀. Ooru ń mú kí awọ sán, ó sì ń tú gọ́ọ̀mù. Fọ ẹrẹ̀ kúrò kí o tó kun pólíìṣì. Kí a tó ra òkìrìkà olówó ńlá pàápàá, ó dára ká gbé e kọjá lójú ṣúméékà kan, ká bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí sóòlù yìí bá jẹ tán, ṣé ẹ lè rán òmíràn sí i?" Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá ọdún kan lo ń sanwó fún àbí ọdún mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọmọ Cadet: òfin kò fẹ́ kí aráàlú máa wọ aṣọ sójà. Bọ́ọ̀tù dúdú lásán tó, ẹ fi alámì kàmó sílẹ̀ lọ́jà.

Bàbá mi ti ra bọ́ọ̀tù mìíràn, èyí tí wọ́n rán ní Múṣin níbí. Rọ́bà ni sóòlù rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò dán, ó sì wúwo díẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn fi èékánná tọ́ okùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Yábàá lọ́jọ́ Sátidé, tó fẹ́ ká jọ wo tirẹ̀, kó wá mi wá ní SS2 lákòókò ìsinmi ráńpẹ́.