Ìwọ̀n Eyín Tí À Ń Gbìn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo ẹni tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ àgbàdo sísun, òun a kàn máa wò wọ́n ni. Ní òde òní, oníṣègùn eyín lè gbin gbòǹgbò tuntun sínú egungun àgbọ̀n irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó sì gbé eyín lé e lórí. Gbòǹgbò náà dàbí ìṣó tí káfíńtà máa ń lọ́ wọ inú pákó. Titanium ni irin tí wọ́n sábà fi ń ṣe é. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark, onímọ̀ ará Sweden, ṣàkíyèsí pé egungun a máa lẹ̀ mọ́ irin yìí pinpin. Ní 1965 ni ó kọ́kọ́ gbìn ín sí ẹnu ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ rò pé èyí tí ó tóbi jù ni ó dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń wọ̀n wọ́n: bí wọ́n ti nípọn tó, àti bí wọ́n ti gùn tó. Ní ti nínípọn, èyí tí kò tó mìlímítà 3 ni ó kéré jù; a sábà máa ń lò ó láti di eyín àtọwọ́dá mú kí ó má baà máa yọ̀. Láti 3 sí bíi 3.5 ni tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó yẹ iwájú ẹnu níbi tí àyè há. Èyí tí ó tó bíi 4 ni a ń lò jù. Láti 5 lọ sókè ni ńlá, fún ẹ̀yìn ẹnu níbi tí a ti ń lọ oúnjẹ. Ní ti gígùn, púpọ̀ wà láàárín mìlímítà 8 sí 13. Èyí tí kò bá tó 8 ni a ń pè ní kúkúrú. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́ ni ó pa ààlà wọn síbì kan náà. Nítorí náà, ẹ béèrè nọ́ńbà, ẹ má béèrè orúkọ nìkan.

Kí ni ìdí ìwọ̀n yìí? Bí a bá lọ́ ìṣó ńlá wọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́, pákó a là. Bẹ́ẹ̀ náà ni egungun. Ó yẹ kí ó ku bíi mìlímítà 1.5 láàárín gbòǹgbò tuntun àti eyín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣan kan sì wà nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí ó ń jẹ́ kí ètè mọ ìfọwọ́kàn. A ń fi bíi mìlímítà 2 jìnnà sí i. Bí gbòǹgbò bá gùn jù tí ó sì kàn án, ètè lè kú tìpìrì, nígbà mìíràn títí láé. Síbẹ̀, èyí tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù lè ṣẹ́ níbi tí a ti ń fi agbára jẹun.

Ẹ rántí pé bí eyín bá ti kúrò, egungun ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í joro, pàápàá láàárín ọdún kìíní. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin eyín, kí ó tètè lọ rí oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́. Kí ó sì rí i pé wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, wọ́n sì wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó mú irin jáde.