Ọkọ̀ Kò Bàjẹ́ Púpọ̀, Ara Ńkọ́?

Bí ọkọ̀ bá rọra kọ lu òmíràn lẹ́yìn ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bọ́ńpà ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò. Bó bá jẹ́ pé ó kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, wọ́n á ní: "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ wọ́nú, Ọlọ́run ló yọ wá." Oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ni ọrùn àti ẹ̀yìn á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro èrò ọkọ̀.

Ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ tẹ̀ kọ́ ni òfin fi ń díwọ̀n ìrora ènìyàn. Láti orí òfin 1945 ni ìwé ìbánigbófò "third party" ti di dandan, nítorí ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 2025 kò mú dandan yìí kúrò. Láti January 1, 2023, owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní N5,000, ó di N15,000.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kejì àti orúkọ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ wọn. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà yẹ̀ yín wò, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba l'Ọ́yọ̀ọ́, tàbí ti Bowen tàbí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Bí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, àjọ tó ń mójú tó wọn.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.