Àyẹ̀wò kọ́ ló sọ ínhélà di ọ̀wọ́n

Ọgbà White Oak ní ìpínlẹ̀ Maryland ni olú iléeṣẹ́ FDA wà, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ọgbà náà gba káúńtì Montgomery wọ Prince George's. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ínhélà tó máa dé ọwọ́ àwọn tó ní ikọ́ fée, títí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Bowie àti Lanham. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àyẹ̀wò àjọ yìí ti pọ̀ jù, pé òun ló ń gbówó lé oògùn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Oògùn oníhóró, a gbé e mì, ó yọ́, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ti ínhélà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan, ẹ̀kán oògùn tó máa wọ ẹ̀dọ̀fóró kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bíi máíkírónì 5 lọ. Èyí tó bá tóbi jù ú lọ, ọ̀nà ọ̀fun ló máa lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́n ínhélà sínú ẹ̀rọ kan tó ní ọ̀fun onírin tó tẹ̀ kọdọrọ bíi tèèyàn, tí àwọn àwo oníhò sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí ihò wọn ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á fọ oògùn kúrò lára àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo iye tó dúró síbẹ̀. Wọ́n á ṣe é nígbà tí agolo ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, wọ́n á tún un ṣe nígbà tó fẹ́ tán, torí ẹni tí èémí ń há mọ́ nígbà tí agolo ti fẹ́ tán kò gbọdọ̀ gba oògùn tó kéré sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, iléeṣẹ́ Perrigo kó ínhélà albuterol tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún yẹn kúrò lọ́jà, nítorí ẹnu àwọn kan lè dí, kí oògùn má jáde. Ta ló wá fẹ́ kí wọ́n dín àyẹ̀wò kù?

Òótọ́ ni pé ìdúró máa ń pẹ́, ó sì ń ná aláìsàn lówó. Ọdún 2000 ni wọ́n fọwọ́ sí ínhélà Advair Diskus. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni irú rẹ̀ tí iléeṣẹ́ Mylan ṣe tó rí àṣẹ gbà, lẹ́yìn tí FDA ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ínhélà ProAir HFA. Albuterol inú rẹ̀ ti wà lórí àtẹ ní Britain láti 1969, síbẹ̀ Teva, iléeṣẹ́ tó ni ín, fi páténtì lórí ẹ̀yà ara ínhélà náà, bíi èyí tó ń ka iye oògùn tó kù, dí iléeṣẹ́ Amneal, tó fẹ́ ta irú rẹ̀, lọ́nà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n yọ àwọn páténtì náà kúrò nínú ìwé tí FDA ń kọ páténtì oògùn sí, torí wọn kò dárúkọ oògùn náà. Oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí iye tí wọ́n ń ta ínhélà, Boehringer Ingelheim, AstraZeneca àti GSK kéde pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kò ní san ju dọ́là 35 lọ lóṣù. FDA kò yọ àyẹ̀wò kan ṣoṣo kúrò kí èyí tó ṣeé ṣe.