Bí mùsíọ́mù ṣe ń ṣètò àfihàn ìtàn aṣọ

Mùsíọ́mù tó bá fẹ́ ṣe àfihàn ìtàn aṣọ máa ń kọ́kọ́ yan ìtàn tí yóò sọ, nítorí ìtàn yẹn ni yóò pinnu aṣọ tí yóò wọlé. Ní Òṣogbo, ìlú aró, ìtàn àdìrẹ ló súnmọ́ jù: bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí aró má baà mu ibẹ̀, àti bí Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ àdìrẹ, ṣe dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nílùú náà ní 1983. Ní Iléṣà, ìtàn òwò ló pọ̀: láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló máa ń ru aṣọ kiri ìlú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó fi jáde. Àdìrẹ kan náà lè bá ìtàn méjèèjì mu. Ìkòkò aró ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ti àkọ́kọ́, fọ́tò ọjà ni ní ti ìkejì.

Ìkójọ ló tẹ̀lé e. Kí mùsíọ́mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù tó ṣí àfihàn Africa Fashion ní July 2022, ó ti ké sí aráàlú ní 2021 pé kí wọ́n mú aṣọ àti fọ́tò ìdílé wá. Ohun tó lé ní 250 ló pàtẹ, iṣẹ́ Shade Thomas-Fahm, ọ̀kan lára àwọn aránṣọ Èkó ayé òmìnira, sì wà lára wọn. Fọ́tò ìdílé wúlò nítorí pé ó ń fi ẹni tó wọ aṣọ hàn, àti bó ṣe wé gèlè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ronú bí aṣọ yóò ṣe dúró. Agbádá ń fẹ́ èjìká, nítorí náà ọmọlangidi ni wọ́n ń gbé e kọ́, wọ́n á sì fi òwú dí ibi tó bá jìn. Àdìrẹ ìbàdàndùn ńkọ́? Ó sàn kí wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja sára ògiri, torí tí wọ́n bá ró o, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn tó wà nínú àwòrán rẹ̀ yóò ká mọ́ra.

Ìtọ́jú ló le jù. Ìbàjẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe kì í ṣeé tún ṣe, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù kì í fi jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ orí aṣọ kọjá 50 lux, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Wọ́n ń di aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sínú fìrísà kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ bíi ti Òṣogbo, ọ̀rinrin náà gbọ́dọ̀ wà lójú, nítorí bó bá pọ̀ jù, aṣọ á bu.

Ìwé àlàyé ló kẹ́yìn: ohun tí wọ́n fi hun aṣọ, ibi tó ti wá, ọdún rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó ṣe é tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.