Ilé ẹjọ́ àtijọ́ ti ìlú St. Louis

Ẹ̀yin ará, bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ láàrin wa, ibo la ń gbé e lọ? Láyé àtijọ́, ààfin ọba ni. Lóde òní, ilé ẹjọ́ ìjọba tún wà. Ẹ jẹ́ ká wo ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú St. Louis, lẹ́bàá odò Mississippi.

Ọdún 1839 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ọdún 1862 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilé náà ní apá mẹ́rin. Níbi tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, gbọ̀ngàn róbótó kan wà níbẹ̀. Òrùlé gbọ̀ngàn náà ga púpọ̀, ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Irin ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀.

Ilé náà lẹ́wà. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń ta ènìyàn. Bí olówó ẹrú bá kú, wọ́n lè kó àwọn ẹrú rẹ̀ wá síbẹ̀ láti tà.

Ní ọdún 1846, ẹrú kan, Dred Scott, àti Harriet ìyàwó rẹ̀ pe ẹjọ́ níbẹ̀. Olówó wọn ti mú wọn lọ gbé ní ilẹ̀ tí òfin kò gba ẹrú. Wọ́n ní nítorí náà àwọn ti di òmìnira. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wé. Àmì X ni wọ́n fi sí abẹ́ ìwé ẹjọ́ wọn.

Ní 1847, wọ́n pàdánù, torí ẹlẹ́rìí kan sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọn kò jáwọ́. Ní 1850, wọ́n jàre. Ní 1852, ilé ẹjọ́ gíga yí i padà. Ní 1857, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ìdájọ́ yìí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861. Òfin fòpin sí ẹrú ní 1865.

Àmọ́ ní oṣù karùn-ún 1857 kan náà, olówó tuntun tí wọ́n bọ́ sí lọ́wọ́ dá Dred àti Harriet sílẹ̀, nínú ilé ẹjọ́ yẹn gan-an. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dred kú. Òmìnira ló kú.

Láti 1930, wọn kì í dá ẹjọ́ níbẹ̀ mọ́. Ìjọba ń tọ́jú ilé náà, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó. Kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan. Ilé tí wọ́n ti ta ènìyàn ni, ilé tí ènìyàn ti bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò yẹ ká gbàgbé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìbéèrè
1. Kí ni Dred àti Harriet fi sí abẹ́ ìwé wọn? Kí ló fà á?
2. Ilé àtijọ́ wo ló wà ní ìlú yín? Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?