Ìgbéyàwó Àwọn Amish: Adìẹ Yó Wọn, Ànàmọ́ Yó Wọn, Wọn Kò Háyà Alásè

Ní agbègbè Lancaster, ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Ámẹ́ríkà, àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi kan wà tí wọ́n ń pè ní Amish. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń gùn. Wọn kì í fa waya iná mànàmáná láti òpó ìta wọlé. Gáàsì tàbí igi ni wọ́n fi ń dáná.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọjọ́ ìgbéyàwó wọn! Ilé òbí ìyàwó ni, pàápàá lóṣù Nòfẹ́ńbà, lẹ́yìn ìkórè. Àlejò á tó 300 sí 400, síbẹ̀ wọn kì í sábà háyà alásè. Ẹbí àti aládùúgbò, tọkọtaya, ni í dáná.

Wọ́n á yan adìẹ, wọ́n á já ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ búrẹ́dì. Roast ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á se ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n á fi mílíìkì àti bọ́tà tẹ̀ ẹ́ títí á fi kúnná bí iyán, wọ́n á wá da omi ọbẹ̀ adìẹ lé e lórí.

Lọ́jọ́ tí aládùúgbò bá ń ṣe tiẹ̀, àwọn náà á lọ bá a bó ànàmọ́. Àáró gan-an nìyẹn! Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yáwó èlé ṣe ìnáwó ọmọ, ẹ ò rí nǹkan?